Àtẹ̀jíṣẹ́ Tó Lọ sí Òkè-Òyí

Ìyàwó mi Rokibat àti Màsúdát ọ̀rẹ́ rẹ̀ kì í kí ara wọn. Kì í ṣe ìjà. Láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń lọ sí ilé-kéwú ni wọ́n ti pa ìkíni tì láàárín ara wọn, èébú ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Bí Màsúdát bá fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wásáàpù láti Òkè-Òyí tó ń gbé, àárín ọ̀rọ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀: "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé o ṣì wà láyé ni, àbí kí n máa bọ̀ wá pín aṣọ rẹ?" Rokibat á gbé fóònù súnmọ́ ẹnu bí ẹni tó fẹ́ gé e jẹ, á ní kò sí aṣọ òun kan tó lè gba ìdí Màsúdát. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ nínú ilé mi ní Adéwọlé, níbi tí mo rò pé màá ti sinmi lẹ́yìn iṣẹ́ ìjọba.

Wọn kì í tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn. Màsúdát kò kàwé jìnnà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ girama ni wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ó lè ka orúkọ tí wọ́n kọ sára ọkọ̀, ó lè ka ìlà kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti gùn, á sú u. Ohùn ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Akọ̀wé kóòtù ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ ohun tí àwọn èèyàn bá sọ sílẹ̀, bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ gan-an. Iṣẹ́ náà ti bà mí jẹ́ díẹ̀. Bí àwọn èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ níwájú mi, n kì í dá sí i, mo kàn máa ń gbọ́ ni. Rokibat máa ń sọ pé bí ilé wa bá ń jóná, èmi á jókòó, màá máa kọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ pariwo. N kò lè ní kò rí bẹ́ẹ̀.

Òun ní tirẹ̀ kì í parọ́. Kì í ṣe pé mo ń yìn ín. Ó máa ń sọ òótọ́ bí ẹni tó ń da omi ìfọṣọ síta láti ojú fèrèsé, kò ní wò ó bóyá ẹnìkan ń kọjá nísàlẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ òótọ́ kì í bi í ní ìbéèrè.

Àwọn tó wá bi í ní ìbéèrè lọ́dún yìí, àwọn ará ìdílé kan nínú ìlú ni. Wọ́n ń fẹ́ Saeedah fún ọmọ wọn. Saeedah ni ọmọ kan ṣoṣo tí Màsúdát bí, ó ń kàwé ní yunifásítì ní Màlété. Bàbá ọmọkùnrin náà jẹ́ ọ̀rẹ́ ọkọ Màsúdát tó ti di olóògbé. Ọmọkùnrin náà ń ṣiṣẹ́ ní Sókótó, wọ́n sì fẹ́ kí Saeedah pa ìwé tì, kó tẹ̀lé e lọ síbẹ̀. Màsúdát ti fi ọ̀rọ̀ náà tó Rokibat létí nínú ohùn tó fi ránṣẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, àwa sì gbà pé inú rẹ̀ dùn sí i.

Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níbí, kí wọ́n tó gbé ohunkóhun lọ sílé ìyàwó, wọ́n rán àwọn obìnrin méjì jáde kí wọ́n wádìí ọmọ náà wò. Àwọn obìnrin náà mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ ni Rokibat, wọ́n sì wá bá a. Gbogbo èèyàn ló mọ ohun tí a máa ń sọ nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. A máa ń sọ pé ọmọ gidi ni, ilé ire ló ti jáde, kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí i. Rokibat sọ ìyẹn náà. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ṣùgbọ́n kò ní fi ìwé sílẹ̀. Bó bá tilẹ̀ fi ẹnu gbà fún yín, ẹ̀ ń mú ẹkún wọlé ni. Bó bá jẹ́ ìyàwó tó máa pa ìwé tì lẹ ń wá, ẹ lọ wá a níbòmíràn." Mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbọ́ ọ. Àwọn obìnrin náà mu sóbò wọn tán, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ.

Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ pé wọ́n ti yí ọkàn wọn padà. Láti ìgbà náà ni ohùn Màsúdát ti dákẹ́ lórí fóònù. Nígbà tó di ọjọ́ Àlàrùbá, dípò ohùn, àtẹ̀jíṣẹ́ ló dé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Rokibat gbé e fún mi kí n kà á, bí ẹni pé òun lè ti ṣì í kà. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju èyí lọ: "Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti orí fóònù. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀."

Kò sí èébú níbẹ̀ rárá. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bà á lẹ́rù.

Ohun tó máa ń mú èèyàn kúrò lórí fóònù lọ́dọ̀ wa kò pọ̀. Bí èèyàn wọn bá kú, a máa ń lọ kí wọn. Bí wọ́n bá ṣe oore ńlá fúnni, a máa ń lọ dúpẹ́. Bó bá sì jẹ́ ìjà tí a fẹ́ wo ojú ara wa jà, a máa ń wọ ọkọ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni kò kú. Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ kò wá sọ́kàn Rokibat, kò sì wá sọ́kàn èmi náà, torí ta ló máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó tú ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ká? Ìjà ló kù.

Ó pè é. Fóònù ń dún, kò gbé e. Ó fẹ́ fi ohùn ránṣẹ́, ó sọ díẹ̀, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bó ṣe ń gbọ̀n, ó pa á rẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún pa á rẹ́. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì, ó ní, "Òun ló kọ̀wé sí mi. Màá kọ̀wé sí i padà." Ó gbé ìjókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó fi gíláàsì sójú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. Oúnjẹ àárọ̀ mi kò tètè dé lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tán, ó kà á fún mi. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dára. Ó fi sàlámọ̀ bẹ̀rẹ̀, èyí tí kò ṣe sí Màsúdát rí. Ó kí i, ó kí ilé, ó tọrọ àforíjì pé òun kò fi ọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́ kí òun tó fèsì fún àwọn obìnrin náà. Ó wá ṣàlàyé ohun tó sọ fún wọn. Ibi tó parí sí nìyí:

"Bí inú bá ṣì ń bí ọ, rántí ọjọ́ tí bàbá rẹ yọ ọ́ kúrò nílé-ìwé tó fi ọ́ fún ọkùnrin tí o kò fẹ́. Orí itan mi lo ti sunkún. O ní bàbá rẹ ti tà ọ́. Má ta ọmọ tìrẹ."

Mo ní, "Yọ ìparí yẹn kúrò."

"Ṣé irọ́ ni?"

"Kì í ṣe irọ́."

"Ní kóòtù yín, ṣé ẹ máa ń yọ òótọ́ kúrò ni?"

 Ó rán an lọ. Kí wọ́n tó pe ìrun Ásárì, àmì méjì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti di búlúù, ìyẹn ni pé wọ́n ti kà á ní Òkè-Òyí. Èsì kankan kò wá. Rokibat ń ṣí fóònù, ó ń pa á dé, ó ń ṣí i. Ó bi mí bóyá mo rò pé Màsúdát ṣì ń bọ̀. Mo ní ẹni tó ní òun ń bọ̀, ó ń bọ̀ náà ni.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó dá iná láti àárọ̀. Ó se ìrẹsì, ó pa adìẹ méjì. Mo bi í bóyá bí wọ́n ṣe máa ń ṣe àlejò ẹni tó ń bọ̀ wá bá wọn jà nìyẹn. Ó ní bí Màsúdát bá yó, agbára tó máa fi jà á dín kù. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò fi iyọ̀ sí ọbẹ̀, nǹkan tí kò ṣẹlẹ̀ rí nínú ilé yìí.

A ti kírun Jímọ̀ tán, mo ti padà délé, nígbà tí kẹ̀kẹ́ kan dúró lẹ́nu géètì. Màsúdát sọ̀kalẹ̀. Awakọ̀ bá a gbé iṣu sílẹ̀, iṣu tó dáa, tí ọrùn rẹ̀ ṣì ní erùpẹ̀ tútù. Ó gbé jálá epo pupa sílẹ̀ pẹ̀lú, àti adìẹ tí wọ́n di lẹ́sẹ̀. Rokibat dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò mọ èyí tó máa ṣe. A kì í gbé iṣu dání lọ síbi ìjà.

Màsúdát wọlé, ó kí mi, ó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà ló yí padà, ó sì kúnlẹ̀ fún ìyàwó mi. Láti ìgbà tí mo ti mọ àwọn méjèèjì, n kò rí i kí ọ̀kan kúnlẹ̀ fún èkejì rí.

Ó ní, "Rokibat, mo wá dúpẹ́." Ohùn rẹ̀ há bíi ti ẹni tí òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. "O ṣeun. O gbà mí. Ọlọ́hun á gba ìwọ náà nígbà tí o kò ní rí ẹni gbà ọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn yẹn ti ń dí oorun mọ́ mi lójú. N kò fẹ́ kí ọmọ mi lọ sí Sókótó, n kò fẹ́ kó fi ìwé sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ mi kú, bàbá ọmọkùnrin yẹn ló dúró tì mí títí a fi ṣe àdúà fídáù rẹ̀ tán. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ fún un pé n kò fẹ́ ọmọ rẹ̀? N kò tilẹ̀ lè sọ ọ́ fún ìwọ, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́ fún ọ, o máa sọ ọ́ níta. O kò mọ̀, o sì bá mi sọ ọ́. Ilé àwọn èèyàn yẹn kò bínú sí mi, wọ́n ní ọ̀rẹ́ mi ló ní ẹnu gbọ̀ọ̀rọ̀. Ọlọ́hun á jẹ́ kí ẹnu náà pẹ́ láyé."

Rokibat ti jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Màsúdát gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Jẹ́ kí n dúpẹ́ tán." Ó sì dúpẹ́ tán lóòótọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa tí kò sí nílé, ó ṣe àdúà fún àwọn òkú ilé wa. Kò fo ẹnì kankan.

Nígbà tó tó àkókò, Rokibat ní, "Bó bá jẹ́ ọpẹ́ lo fẹ́ wá dú, kí ló dé tí o kọ̀wé sí mi bíi ti ọlọ́pàá?"

"Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. Òtútù ti gba ohùn mi, ọwọ́ mi sì wà nínú gààrí. Saeedah wà nílé, wọ́n wà ní ìsinmi. Òun ni mo ní kó bá mi tẹ̀ ẹ́. Mo ní kó bú ọ dáadáa kó tó kí ọ, kó wá ní kú aájò, kú ìdúró, pé irú oore yìí ju ohun tí a ń fi fóònù dúpẹ́ rẹ̀ lọ, pé mò ń bọ̀. Ó ní òun ti kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àwọn ọmọ ìwòyí, bí wọ́n ṣe ń kọ nǹkan nìyẹn."

 Mo rí Rokibat bó ṣe ń rò ó lọ. Ó ní, "Màsúdát, ta ló ka tèmi fún ọ?"

Kò sí ẹni tó rò ó nínú wa lọ́jọ́ tí Rokibat ń tẹ̀ ẹ́. Obìnrin tó mọ Màsúdát láti kékeré, àti èmi tí ń gbọ́ ohùn wọn lójoojúmọ́, a gbàgbé pé kò lè ka ìwé gígùn.

Màsúdát ní, "Saeedah ni. Inú mi dùn nígbà tí mo rí bó ṣe gùn tó. Mo ní kó kà á sókè kí n gbọ́ bí o ṣe bú mi. Ó kà á dé òpin. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń fo ìlà."

Rokibat fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Kò sunkún o. Ó kàn gbé fóònù sílẹ̀, ó ní, 'Ummi, ṣé ẹ ò fẹ́ Bàbá mi ni?'"

Màsúdát dìde, ó lọ jókòó sórí àga, nítorí orúnkún ń dùn ún. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú títì. Ó ní láti ìgbà tí Saeedah ti gbọ́n ni òun ti ń sọ fún un pé níbi ìnáwó kan ni òun ti rí bàbá rẹ̀, tí òun ní àfi ọkùnrin náà, tí bàbá òun kọ̀, tí òun ń sunkún títí wọ́n fi gbà. Ọmọ náà fẹ́ràn ìtàn náà. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ó máa ń ní kí òun tún un sọ, òun sì máa ń tún un sọ. Ó ní, "Mo fẹ́ ọkùnrin yẹn nígbẹ̀yìn, Rokibat. Ọlọ́hun mọ̀. Nígbà tó máa fi kú, bí ẹni pé wọ́n gé apá mi ló rí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí mo gbà dé ibẹ̀, kì í ṣe ohun tí mo lè sọ fún ọmọ rẹ̀."

"Kí lo wá sọ fún un?"

"Mo ní irọ́ lo pa. Mo ní inú ló bí ọ, o wá ohun tó máa dùn mí jù. Ó wò mí títí. Ó ní, 'Mọ́mì Adéwọlé kì í parọ́.'"

 Adìẹ tí wọ́n dì ń ta pútúpútú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Màsúdát ní, "Ọpẹ́ ti tán. Ẹ̀bẹ̀ ló kù. Jọ̀ọ́, sọ fún un pé irọ́ ni. Bí èmi bá sọ ọ́ títí di ọ̀la, kò ní gbà á. Bí ìwọ bá sọ ọ́, ó lè gbà."

Rokibat yíjú sí mi. Ó ti pẹ́ tó ti wò mí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, bí ẹni tó fẹ́ kí n sọ ohun tó yẹ kó ṣe.  N kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nítorí òótọ́ ẹnu rẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ ẹ, ó sì dùn mí pé èmi ni mo máa jókòó síbẹ̀ gbọ́ ọ bó bá parọ́.

Ó mú fóònù, ó wá orúkọ Saeedah, ó gbé e súnmọ́ ẹnu. Ó ní, "Saeedah, Mọ́mì Adéwọlé ni. Ìyá rẹ wà lọ́dọ̀ mi. Ohun tí mo kọ ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ Àlàmísì, mo rò pé ó fẹ́ wá bá mi jà ni, inú sì bí mi. Irọ́ ni mo pa mọ́ bàbá rẹ àgbà. Ojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe. Ìyá rẹ ló ní òun fẹ́ bàbá rẹ, ó sunkún títí wọ́n fi gbà fún un. Má bínú sí mi. Kí Ọlọ́hun forí jì mí." Mo ti gbọ́ ohùn ẹlẹ́rìí tó pọ̀ láyé mi. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n níbì kankan. Ó gbé fóònù sílẹ̀.

A jókòó, a ń dúró. Ìrẹsì ti tutù lórí tábìlì. Àmì méjì náà di búlúù. A rí i lókè fóònù pé Saeedah ń tẹ ọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ó dáwọ́ dúró, lẹ́yìn náà ó tún ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí èsì dé, Rokibat kò lè kà á, ó gbé e fún mi.

Mo kà á fún wọn. "Ó dáa, mà."

Màsúdát ní, "Kí ló tún sọ?"

Mo ní ìyẹn nìkan ni.

"Báwo ló ṣe sọ ọ́?"

Mo ní kò sọ ọ́, ó kọ ọ́ ni. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà bí ẹni tó ti gbà. Mo wá tún un kà bí ẹni tí kò gbà, tí kò kàn fẹ́ kí ìyá rẹ̀ mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà gba méjèèjì. Màsúdát tẹ́tí sí mi, ó di ìka Rokibat mú lórí itan rẹ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.